Ìbéèrè Tó Dé Lẹ́yìn Àdéhùn: Èédú àti Àwọn Onílẹ̀ Black Mesa

Black Mesa jẹ́ òkè pẹrẹsẹ kan ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn Hopi ti tẹ ìlú wọn dó sí apá gúúsù rẹ̀, tí wọ́n ń gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn Navajo, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné, ń da àgùntàn káàkiri ibẹ̀. Èédú wà nínú òkè náà, omi mímu sì wà nínú àpáta tó wà nísàlẹ̀ èédú. Láàrin ọdún 1964 sí 1966, ilé-iṣẹ́ Peabody gba ìwé àdéhùn láti wa èédú náà. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ńṣe ni ìjọba fárí lẹ́yìn olórí. Bẹ́ẹ̀ olórí wà níjòókòó, wọ́n sì bi í léèrè léraléra. Àmọ́ nígbà tí ìbéèrè fi máa dé, abẹ ti kan orí. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn náà nìyí: bí ìfọ̀rọ̀lọ̀ bá tẹ̀yìn ìpinnu dé, tí ẹni tí a ń bi kò sì lágbára láti kọ̀, kò sí bí ìwé àyẹ̀wò ṣe lè nípọn tó tó lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo àdéhùn fúnra rẹ̀. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1938 sọ pé ìgbìmọ̀ ẹ̀yà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìwakùsà kí mínísítà ètò abẹ́lé tó fòǹtẹ̀ lù ú. Lórí ìwé, wọ́n tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ Hopi tó fọwọ́ sí i, abẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ló ti jáde, pẹ̀lú ìwé òfin ọdún 1936. Ṣáájú ìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìjọba ara rẹ̀, àwọn ìlú kan kò sì gbà rí pé ìgbìmọ̀ yìí lè dúnàádúrà ilẹ̀ lórúkọ wọn. John Boyden ni agbẹjọ́rò tó ń gba àwọn Hopi nímọ̀ràn. Charles Wilkinson, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin, tú àwọn ìwé tó fi hàn lẹ́yìn náà pé Boyden ń ṣiṣẹ́ fún Peabody pẹ̀lú. Ní 1971, àwọn àgbà Hopi kan gba ilé-ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ilé-ẹjọ́ kò gbọ́ ẹjọ́ náà dé ìdí: ó ní ẹjọ́ kò lè lọ láìsí ẹ̀yà Hopi nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ẹ̀yà náà lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda. Bí ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ṣe lórúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe di odi tí wọn kò lè fò nìyẹn.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ kéré sí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ tó ga jù lọ nínú àdéhùn Navajo ti 1964 jẹ́ sẹ́ǹtì 37.5 lórí tọ́ọ̀nù kan, iye tí kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó èédú lọ nígbà tó fi máa di 1984. Lọ́dún náà, ọ̀gá kan nínú àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ní kó di ìdá 20. Peabody pẹjọ́ tako ìpinnu náà, aṣojú rẹ̀ sì lọ bá mínísítà ètò abẹ́lé, Donald Hodel, ní ìkọ̀kọ̀ ní 1985, láìsí Navajo níbẹ̀. Hodel ní kí wọ́n má tíì dájọ́. Navajo, tí àìlówó ń fún lọ́rùn, gbà ní ìdá 12.5. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, àmọ́ ní 2003, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìjọba kò jẹ wọ́n ní owó gbà-má-bínú kankan. Ní ti omi, láti 1970 títí di ìparí 2005, Peabody ń fa ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù lọ́dọọdún láti inú àpáta, kó lè fi ti èédú lílọ̀ gba inú páìpù oní-máìlì 273 lọ sí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Mohave ní Nevada.

Ẹnìkan lè sọ pé òfin àyẹ̀wò àyíká kò tíì sí nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Òótọ́ ni: ọjọ́ kìíní ọdún 1970 ni ààrẹ Nixon buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n òfin náà dé, òfin ìwakùsà ti 1977 tẹ̀ lé e, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe. Nígbà tí àjọ tó ń ṣàmójútó ìwakùsà parí àyẹ̀wò rẹ̀ ní 1990, ó fún Kayenta, ọ̀kan nínú ibi ìwakùsà méjì tí Peabody ní lórí òkè náà, ní ìwé àṣẹ. Ti ibi ìwakùsà kejì tó ń jẹ́ Black Mesa, tí awuyewuye omi wà lórí rẹ̀, wọ́n sún ìpinnu síwájú. Sísún síwájú kò dá katakata dúró: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tún fi wa èédú níbẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ gidi. Ní Oṣù Kejìlá 2008, àjọ náà fọwọ́ sí i pé kí ilẹ̀ Black Mesa wọnú àṣẹ Kayenta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Peabody ti yí ètò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú aráàlú padà. Àwọn Navajo àti Hopi kan pẹjọ́, adájọ́ sì fagi lé àṣẹ náà ní Oṣù Kìíní 2010, nítorí pé wọn kò tún àyẹ̀wò ṣe lórí ètò tuntun. Ẹjọ́ yìí fi hàn pé òfin lágbára tí ẹnìkan bá lò ó. Ó sì fi hàn pé àwọn aráàlú ló ní láti mú ìjọba tẹ̀ lé òfin tirẹ̀, lẹ́yìn ogójì ọdún.

Àtakò tó le jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ fúnra wọn. Ní 2009, ìgbìmọ̀ Hopi kéde pé àwọn ẹgbẹ́ ajàfáyìíká kò ṣe é gbà lálejò lórí ilẹ̀ wọn, ààrẹ Navajo sì tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà náà, èédú ló ń mú apá tó pọ̀ jù wá nínú owó tí ìgbìmọ̀ Hopi fi ń ṣèjọba, ọ̀pọ̀ ìdílé Navajo sì ń jẹun níbẹ̀. Ta ni àlejò tó máa wá sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ oúnjẹ? Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwọn ló yan èédú lóòótọ́, ó yẹ kí ohùn wọn ká ọjọ́ tí yóò parí. Ní 2017, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ilé amúnáwá Navajo, tó ń lo èédú Kayenta, pinnu láti tì í torí pé gáàsì ti dínwó ju èédú lọ. Ní 2019, ilé amúnáwá àti Kayenta kógbá wọlé, owó àti iṣẹ́ sì bá wọn lọ. Ẹni tí kò lè dá ìbẹ̀rẹ̀ dúró, tí kò sì lè dá ìparí dúró, ohun tó ṣe láàrin méjèèjì kò yẹ ká máa pè ní yíyàn.

Àṣẹ tí ààrẹ Clinton buwọ́ lù ní 2000 ní kí àwọn àjọ ìjọba máa fọ̀rọ̀ lọ àwọn ẹ̀yà. Kò ní kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda wọn. Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2007 lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, ó ní kí wọ́n wá ìyọ̀ǹda ṣáájú, láìsí ipá. Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dìbò lòdì sí i, kó tó wá tì í lẹ́yìn ní 2010. Bí ibi ìwakùsà kan bá fẹ́ fẹ̀ sí i lónìí, ohun tí Black Mesa ní ká bèèrè kò pọ̀: ṣé wọ́n bi onílẹ̀ kí wọ́n tó na owó, ṣé agbẹjọ́rò tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn kò jẹun lápá kejì, ṣé àwọn tí omi kàn gan-an ló sì dáhùn? Ẹ̀kẹrin ló wúwo jù: bí wọ́n bá ní rárá, ṣé iṣẹ́ yóò dúró? Ìjọba tí kò bá lè dáhùn èyí kò tíì fọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ ohun tó ti pinnu fún wọn ni.