Igi Tó Wà Nínú Ògiri: Ilé Àwọn Olóyè Ogun ní Gàmbàrí

Tí ẹ bá bi ọmọ ìlú ńlá òde òní pé irú ilé wo ni àwọn baba ńlá wa gbé, èsì kan náà ni yóò fún yín: ilé amọ̀. Yóò sì wí i bí ẹni tí ojú ń tì. Òótọ́ ni pé amọ̀ ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n igi ló ń sọ bí yàrá yóò ṣe fẹ̀ tó, igi ló gbé àjà, igi náà ló gbé ògiri tó wà lókè ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilé. Gàmbàrí ni Yorùbá ń pe àwọn Hausa, òun náà ló di orúkọ àdúgbò wọn ní Ìlọrin. Ní nǹkan bí 1817 ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó ti kẹ̀yìn sí Aláàfin, ránṣẹ́ sí àwọn ẹrú Hausa káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n wá bá òun, wọn yóò sì bọ́ lóko ẹrú. Wọ́n wá wìtìwìtì. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1824, wọ́n ti pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, Abdulsalami ọmọ Álímì sì ti di Ẹ́míà. Balógun mẹ́rin ló di ìlú mú lábẹ́ rẹ̀: ti Gàmbàrí, ti Fúlàní, ti Àjíkòbí àti ti Alánàmú. Kálukú ló ní àdúgbò tirẹ̀, ẹṣin tirẹ̀, ọmọ ogun tirẹ̀. Karara, Balógun Gàmbàrí tó gbógun ti Ọ̀ffà láàárín 1880 sí 1890, kì í ṣe ẹni tí Ẹ́míà kàn lè ké sí kó sáré wá. Ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibùsùn lásán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń so ẹṣin mọ́, ibẹ̀ ni àlejò ń wọ̀ sí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ilé olóyè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀kan wà ní Lower Brockhampton, ní Herefordshire, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1425. Igi óòkù ni wọ́n fi ṣe egungun ilé náà, egungun ọ̀hún sì wà ní gbangba lójú ògiri. Irú ilé wọn yìí, ọ̀pá wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń hun sáàárín igi kan sí èkejì, wọn a wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ẹ ò rí nǹkan! Amọ̀ wà lára ilé òyìnbó, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ilé amọ̀.

Ní tiwa, a yí i padà: amọ̀ síta, igi sínú. Wọn a po amọ̀ mọ́ koríko, wọn a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi jinná, wọn a sì mọ ọ́n ní ìpele kan. Ó di dandan kí ìpele yìí gbẹ kí wọ́n tó lé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ilé rẹ̀ á wó lé e lórí. Bí wọ́n bá kan ibi ẹnu ọ̀nà, wọn a gbé igi àtẹ́rígbà dábùú rẹ̀. Lókè, wọn a to igi àjà láti ògiri dé ògiri, wọn a tẹ́ ọ̀pá wẹ́wẹ́ lé e, wọn a fi amọ̀ bò ó. Òrùlé koríko ló wá ń wà lókè àjà. Ní ilẹ̀ Hausa, giginya ni ààyò igi fún iṣẹ́ yìí, igi kan tó jọ ọ̀pẹ, tí ikán kì í fẹ́ jẹ. Bí wọ́n bá là á sí wẹ́wẹ́, azara ni wọ́n ń pè é. Omi èèpo irúgbá ni wọ́n sì ń fi po ohun tí wọ́n ń fi rẹ́ ògiri kí òjò má baà tètè wẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn rèé. Azara kì í gùn. Tó bá ti kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, yóò máa tẹ̀. Nítorí náà, bó ti wù kí olówó lówó tó, yàrá rẹ̀ kò lè fẹ̀ jùyẹn lọ, àfi tó bá rí ọ̀mọ̀ràn bíi Babban Gwani Mikaila, ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ní Zaria láàárín 1830 sí 1850. Ọkùnrin yìí tẹ azara pọ̀ bí ọrun nínú amọ̀ tó fi di òrùlé rìbìtì. Igi óòkù gùn ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí olóyè Gẹ̀ẹ́sì fi lè ní gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tí òun àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun pọ̀. Olóyè tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Títò ni wọ́n ń to yàrá, tí àgbàlá sì ń wà láàárín. Ẹ ó kọ́kọ́ wọ ìloro, èyí tí Hausa ń pè ní zaure. Ibẹ̀ ni àlejò ń dúró, ibẹ̀ ni alfa ti ń kọ́ ọmọ ní kéú. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ ló ń kọjá sí àgbàlá. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán ló ń dé ìyẹ̀wù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe jẹ́ sí Balógun, ẹ ka iye ilẹ̀kùn tó kọjá.

Wọ́n dán agbára àwọn ilé yìí wò. Ní 1895, àwọn olóyè ogun dìtẹ̀ mọ́ Ẹ́míà Momo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, ó tiná bọ ẹ̀tù, ó sì bá a lọ nínú ilé ara rẹ̀. Sulaymanu ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún kejì lẹ́yìn náà, ní oṣù Èrèlé 1897, Goldie kó àwọn sójà Royal Niger Company wá, wọ́n rọ̀jò àgbá lu ìlú, iná sì ràn. Koríko orí ilé ni irú iná bẹ́ẹ̀ ń kọ́kọ́ mú. Bí àjà bá nípọn, iná a jó lókè títí a kú, ẹrù a sì wà nísàlẹ̀ láìfarapa. Àwọn tó fi amọ̀ bo igi àjà kúkú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni páànù dé. N ò bú páànù o, kì í jóná bíi koríko. Àmọ́ koríko máa ń yọ jìnnà síta ògiri, kò sì jẹ́ kí òjò kàn án. Ọ̀pọ̀ páànù tí wọ́n kàn, bí ògiri ṣe mọ ni wọ́n gé e mọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí ògiri, ibi tí orí igi àjà sùn sí gan-an. Igi jẹrà, àjà jìn, onílé ní amọ̀ kò dáa, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù. Níbi tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ bá ti ya lulẹ̀, ẹ wo ojú ibi tó ti ya: ẹ ó rí àwọn ihò tí wọ́n tò gbọọrọ, níbi tí igi ti jáde.