Yàrá Àyẹ̀wò Ẹlẹ́kitirọ́níìkì ní Ilé-Ifẹ̀: Ta Ni Ó Kọ́ Ọ?

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa iLab ní Ilé-Ifẹ̀ ni pé MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ló fi ta Áfíríkà lọ́rẹ. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kún tó. Lóòótọ́, MIT ni Jesús del Alamo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1998, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn iṣẹ́ transistor. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Makerere àti Yunifásítì Dar es Salaam dara pọ̀ lẹ́yìn náà, Àjọ Carnegie sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kí ni Ifẹ̀ rí tó fi gbà á? Ìwé nìkan kò tó nínú ẹ̀kọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ so sákíìtì, kí ó fi iná sí i, kí ó sì rí i lójú ọsilosíkóòpù pé ohun tí ìṣirò wí yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí wáyà ń ṣe. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá pọ̀ ju irinṣẹ́ lọ, ẹnì kan á fọwọ́ kàn án, àwọn yòókù á máa wo ìpàkọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sùn ní tirẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kí òbí rẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n lè wọn sákíìtì tó wà ní Ifẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, bí iná bá wà níbi méjèèjì.

Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà kò lágbára, ó sì wọ́n. Irinṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà jìnnà. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde níwájú, bá kọ́ tiwọn. Wọ́n lo ELVIS ti National Instruments, tó kó mítà àti ọsilosíkóòpù pọ̀ sójú kan, wọ́n sì gbé àyẹ̀wò operational amplifier lé e lórí. Wọ́n tún kọ́ òmíràn fún digital electronics.

Àtakò kan ṣì wà tí kò ṣeé tì sẹ́yìn: ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì láti òkèèrè kò fi òjé jó ìka rí, kò sì ní mọ ojúùpò tí òjé kò mú dáadáa. Àwọn tó kọ́ yàrá náà mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ wọn ni wọ́n fi so gbogbo wáyà rẹ̀.