Abẹ́rẹ́, Eku Funfun àti Ibà Lassa

Láti Ìgbàrà-Òkè dé Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, orúkọ ibà Lassa kì í ṣe àjèjì. Eku ilé ni a máa ń sá fún. Ṣùgbọ́n ìtàn fi yé wa pé eku inú ilé ìwádìí náà léwu.

Ní oṣù kìíní 1969, àìsàn kan mú nọ́ọ̀sì Laura Wine ní ìlú Lassa, ní ilẹ̀ Borno, ó sì kú ní Jọ́s. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà mú ránṣẹ́ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni Jordi Casals àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gún ọmọ eku funfun lábẹ́rẹ́ kí wọ́n lè dá kòkòrò àrùn náà mọ̀. Ní oṣù kẹfà, Casals fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Omi tí wọ́n yọ lára ẹ̀jẹ̀ Lily Pinneo, nọ́ọ̀sì tí àrùn náà ṣe tí kò pa, ni wọ́n fà sí i lára kó tó yè.

Juan Roman, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Yale, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ìparí ọdún náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò yẹn. Yale pa iṣẹ́ náà tì.

Eku tó bá ń jà pìtìpìtì lè mú kí abẹ́rẹ́ yà gún ẹni tó mú un. Nítorí náà, wọ́n máa ń dì í mú dáadáa tàbí kí wọ́n fi oògùn kùn ún lóorun. Wọn kì í dé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò padà. Inú agolo líle ni wọ́n ń jù ú sí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, bí ẹ bá fẹ́ gún eku lábẹ́rẹ́, ẹ rántí Roman.