Ìṣẹ́tí: Etí Tí Aṣọ Ní

Odò ní etí, òkun ní etí, igbó ní etí, ìkòkò náà ní etí. Ibi tí nǹkan bá parí sí ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, aṣọ kò sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi àlùmọ́gàjí gé, bí a bá fi etí rẹ̀ sílẹ̀ lásán, òwú rẹ̀ á máa tú. Ni aránṣọ bá ká etí náà wọnú, ó rán an mọ́lẹ̀. Kíká yẹn ni ṣíṣẹ́, irú ṣẹ́ tó wà nínú "ṣẹ́ aṣọ po" àti "ṣẹ́rí padà". Ṣẹ́ pàdé etí, ó di ṣẹ́tí. Ẹni tó bá ṣẹ́tí aṣọ, ìṣẹ́tí ló ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ló bí orúkọ náà, ọ̀ṣọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a níbẹ̀ ni.

Aṣọ òkè kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìṣẹ́tí. Ọ̀já rẹ̀ kan kò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ ní fífẹ̀, òwú ìhun sì ń ṣẹ́rí padà fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìdí tí a ti gé e nìkan ló lè tú, àwọn ahunṣọ sì sọ títú ọ̀hún di ẹwà: wajawaja. Ẹni tó bá fẹ́ rí i níbi tó gbé níyì, kó wo ìtagbè, aṣọ àwọn ẹgbẹ́ Òṣùgbó Ìjẹ̀bú, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Wajawaja rẹ̀ á gùn, iṣẹ́ ara rẹ̀ á sì yọ bíi ṣàkì màlúù, orúkọ tí wọ́n kúkú fún un nìyẹn. Ti aṣọ eégún tún yàtọ̀: etí tirẹ̀ sábà máa ń rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn.

Bíbélì tó jáde lódindi ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, lo ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìṣẹ́tí àti wajawaja. Nínú Númérì 15, wajawaja ni Ọlọ́run ní kí Ísírẹ́lì fi sí etí aṣọ. Nínú Mátíù 9, ìṣẹ́tí aṣọ Jésù ni obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nínú Mátíù, kraspedon, gan-an ni àwọn Júù tó tú Òfin sí Gíríìkì láyé àtijọ́ lò fún wajawaja inú Númérì. Júù tó ń pa Òfin mọ́ sì ni Jésù. Ní tèmi, wajawaja lọwọ́ obìnrin náà kàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lónìí, "hẹ́ẹ̀mù" ló kù lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́. Bí ẹ bá tún gbé ṣòkòtò tó gùn jù lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣẹ́tí rẹ̀.