Ta Ni Òfin Ọtí Mú? Minna, Atlantic City àti Àìsí Ọ̀gá Onífàyàwọ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òfin ọtí ní Àríwá Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba òyìnbó, iṣẹ́ Simon Heap ti ọdún 1998 la kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èrò tó wà nínú àkọlé iṣẹ́ náà gan-an, pé ẹ̀tàn lásán ni òfin yẹn, ni n kò lè gbà. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé torí kí ènìyàn má mutí ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n rán an, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà láìkù síbì kan.

Ẹ jẹ́ kí n gba Atlantic City yọ sí Minna. Nínú ìpín kìíní eré Boardwalk Empire, tó dá lórí Atlantic City ní Amẹ́ríkà, tí HBO gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Nucky Thompson, ọ̀gá òṣèlú ìlú náà, dúró níwájú àwọn obìnrin tó ń gbógun ti ọtí. Ó sọ ìtàn ìyà tó jẹ ẹ́ ní kékeré, ọkàn wọn sì gbọgbẹ́. Kò pẹ́ tó kúrò níbẹ̀ tó fi wà láàárín àwọn olóṣèlú ìlú, níbi tí wọ́n ti ń pín òwò ọtí láàárín ara wọn. Nígbà tí agogo 12 òru lù, tí òfin tó ka ọtí léèwọ̀ wọlé, wọ́n gbé ife sókè. Ohun tí àwọn olùwòye sábà ń rí nínú ìran yìí ni àgàbàgebè. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ òfin ló wà níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìwà lọ: òfin kan náà ló de gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá méjèèjì.

Àtúnṣe kejìdínlógún sí òfin Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1920 tó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní December 1933, ka pípọn ọtí, títà á àti gbígbé e kiri léèwọ̀. Kò dárúkọ ẹni tó ń mu ún. Ọjà ló dè. Adájọ́ kò lè rà á, alágbàṣe èbúté kò lè rà á. Lóòótọ́, òfin Volstead, tó mú àtúnṣe náà ṣẹ, fàyè gba ọtí tí ènìyàn ti kó sílé ṣáájú, ti oníṣègùn àti ti ìsìn. Ṣùgbọ́n àgbá tó wà nílé yóò tán lọ́jọ́ kan, olówó yóò sì wá Nucky lọ. Òun náà ló fà á tí Chalky White, aláwọ̀ dúdú inú eré náà, fi lè di alábàáṣe òyìnbó nínú òwò yìí, ní ìlú tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti gbilẹ̀.

Òfin tó de ọjà nìyẹn. Òfin tó de ènìyàn yàtọ̀ sí i, orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àríyànjiyàn mi sì dúró lé. Láti àdéhùn Brussels ti 1890, dé ìjọba Lugard ní Àríwá láti 1900, dé àdéhùn Saint-Germain ti oṣù kẹsàn-án 1919, ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ka ọtí líle léèwọ̀ fún ní Àríwá. Òyìnbó kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ìgò wisikí kan ní Minna. Lórí tábìlì ajẹ́lẹ̀, nǹkan ìgbafẹ́ ni. Bí akọ̀wé rélùwéè tó wá láti Abẹ́òkúta bá gbé ìgò kan náà dání, ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọtí kò yí padà, owó tí wọ́n fi rà á kò yí padà. Ẹni tó dì í mú nìkan ló yí padà.

Minna gan-an ló yẹ kó bí onífàyàwọ́ ńlá, bí ẹ̀tàn bá ni òfin náà lóòótọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀nà irin láti Èkó ti pàdé ti Baro sí Kánò ní 1911. Ọkọ̀ ojú irin á kúrò ní Òkukù ní Gúúsù, á wọ Ọ̀fà, ó ti dé ilẹ̀ èèwọ̀ nìyẹn. Àwọn ará Gúúsù tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè kún Sabon Gari. Ó ṣeé ṣe kí ìgò máa bá ẹrù wọn rìn. Ta ni yóò sẹ́ ẹ? Àmọ́ kò sí ìtàn Nucky kankan láti Minna. Ìdí kò le: ẹni tí owó àti àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ra tirẹ̀ ní gbangba. Àwọn yòókù ní bùrùkútù àti pító, ọtí ìbílẹ̀ tí àdéhùn wọ̀nyí kò fọwọ́ kàn.

Gúúsù tì mí lẹ́yìn. Níbẹ̀, ìjọba de ọjà: lẹ́yìn 1919, jíìnì olówó pọ́ọ́kú kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ògógóró pípọn sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kí ló tẹ̀ lé e? Láti àwọn ọdún 1930, àwọn tó ń pọn ọtí nínú igbó pọ̀ débi tí apá ọlọ́pàá kò ká wọn. Onítàn Korieh ti fi èyí hàn fún Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, Akyeampong fún Gánà. Ẹni tó bá ní sínáàpù ṣì ń wọlé ní tirẹ̀ sọ òótọ́, van den Bersselaar ti yanjú ìyẹn. Kò ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́, torí ọjà ni wọ́n ṣì dè níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn.

Ní ọdún 2000, lábẹ́ Gómìnà Abdulkadir Kure, ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí Minna wà, mú Ṣáríà wọ inú òfin ọ̀daràn rẹ̀. Ní ti ọtí, ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí ni ó dè. Èdè ẹ̀sìn ti rọ́pò èdè àwọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni òfin ṣì ń dì mú.

Nítorí náà, òfin ọtí Àríwá kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ya ọ̀gá sọ́tọ̀ kúrò lára ìránṣẹ́ pẹ̀lú ife ọtí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Lapai àti Iléṣà, Ìlọrin àti Ìbàdàn: ẹ lọ sí Ilé Ìṣura Ìwé Àkọsílẹ̀ ní Kàdúná, ẹ tú ìwé àgbègbè Niger yẹ̀wò. Ẹ má ka iye ìgò tí wọ́n gbà nìkan. Ẹ kọ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.