Owó ti yọ nínú àkáǹtì, kò sì wọlé fún ọlọ́jà: ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣe ségesège. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí itòsí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹnì kan tó ní aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì sáré jáde wá ra mílíìkì, ọṣẹ àti omi. Ó di ₦7,400. Ó ki káàdì bọ POS, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹ̀rọ yí, ó yí, ó kọ "Declined". Kó tó yọ káàdì, fóònù rẹ̀ ti dún: báńkì ti yọ owó.

"Mọ̀mí, wọ́n ti yọ ọ́ o, ẹ wò ó."

"Èmi ò tíì rí nǹkan kan, ọmọ mi. Jẹ́ ká tún un ṣe."

Bí wọ́n bá tún un ṣe tí owó tún yọ, ₦14,800 ti lọ nìyẹn, ọjà ò sì tíì kúrò lórí káńtà. Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì ò purọ́.

Ẹ̀rọ tó wà lórí káńtà kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló ń gbé kiri. SIM tó wà nínú rẹ̀ ló fi ń kàn sí báńkì tàbí iléeṣẹ́ tó fún ọlọ́jà ní POS. Ìyẹn á fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí alárinà, bíi Interswitch tàbí NIBSS, tó so àwọn báńkì pọ̀ mọ́ra. Alárinà á wá bi báńkì tó ni káàdì. Báńkì yìí ló ń wò ó bóyá owó wà, bóyá nọ́ńbà àṣírí bá a mu, kó tó yọ owó. Lẹ́yìn náà ni èsì á tún gba ọ̀nà kan náà padà. Tí ọ̀nà bá dán, kò ní pẹ́ rárá tí gbogbo ẹ̀ á fi parí.

Ìgbà àbọ̀ ni wàhálà máa ń wà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí báńkì ti yọ owó, àmọ́ tí èsì ò tíì dé orí káńtà, POS á ní kò ṣeé ṣe, fóònù á ní ó ti ṣe. Owó ò sí lọ́wọ́ oníbàárà, kò sì sí lọ́wọ́ ọlọ́jà. Àárín àwọn báńkì ló há sí. Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni wọ́n sì máa dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà sí. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́jà tó bá jẹ́ kí ọjà lọ lórí "Declined" fi lè pàdánù méjèèjì. Ó le fún ẹni tó ní aláìsàn nílẹ̀ láti gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí bébà ni ẹ̀rí, kì í ṣe ohun tí fóònù sọ.

Ibi tí ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ

Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀, CBN, ti pàṣẹ pé kí wọ́n yanjú owó POS tó há láàárín wákàtí 72. Ìgbà míì á padà fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí kò bá padà, báńkì tiẹ̀ ni kí oníbàárà lọ, kó mú bébà POS dání. Nọ́ńbà oníméjìlá kan wà lára bébà ọ̀hún tí wọ́n ń pè ní RRN. Òun ni báńkì fi ń tọ ipasẹ̀ owó. Ọlọ́jà tó ń sọ lójoojúmọ́ pé bébà ti tán nínú ẹ̀rọ, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Tí báńkì bá fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì wọn tó wà ní Adó-Èkìtì.

Owó iṣẹ́ yẹn, ta ló ni ín?

Ọdún 2012 ni CBN bẹ̀rẹ̀ ètò cashless l'Ékòó. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2014 ló dé àwọn ìpínlẹ̀ tó kù, Èkìtì náà sì wà ńbẹ̀. Síbẹ̀, láti Ààyè dé Ìkọ́lé, owó bébà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń ná. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló yí i padà. CBN ti pààrọ̀ àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n ní ti àtijọ́ ò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Tuntun ò kárí, àwọn èèyàn ń fi owó ra owó. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Nígbà yẹn, ọlọ́jà tó lóun ò ní gba káàdì láé ti ń wá POS kiri.

Àmọ́ POS abẹ́ agboòrùn àti POS ṣọ́ọ̀bù lè jọ ara wọn bí ìbejì, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Aṣojú báńkì ni ti abẹ́ agboòrùn: ó fún yín lówó, ó gba owó iṣẹ́. Láti oṣù kejìlá ọdún 2024, ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ lọ́dọ̀ wọn, aṣojú kan ò sì gbọdọ̀ san ju ₦1.2 mílíọ̀nù lọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà àṣírí. Àwọn ìyá àgbà kan ṣì ń pariwo tiwọn fún ọmọ tó dúró ti ẹ̀rọ, lójú gbogbo èrò.)

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọjà lẹ rà, ọlọ́jà ló sì ni owó iṣẹ́. Ìlànà CBN ní kó jẹ́ 50 kọ́bọ̀ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, kó má sì ju ₦1,000 lọ. Nínú ₦7,400 yẹn, ₦37 ni. Ẹni tó ra páànù ₦350,000, ₦1,000 péré náà ni. Ìlànà ọ̀hún tún ní ọlọ́jà ò gbọdọ̀ bu owó lé ọjà nítorí pé káàdì ni wọ́n fẹ́ fi san. Èyí ni wọ́n ń fojú di jù. Ẹ ra ọjà ₦2,000, wọ́n ní kí ẹ fi ₦100 sí i. ₦10 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ti báńkì kọ́ ni ₦90 tó kù. Lóòótọ́, ọlọ́jà ní ẹjọ́ tiẹ̀: owó káàdì lè má wọlé títí di ọjọ́ kejì, ẹni tó sì fẹ́ lọ ra iṣu lóko láàárọ̀ nílò owó lọ́wọ́. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà.

Torí ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ṣe fẹ́ràn tiransífà, tó sábà máa ń wọlé lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn oníjìbìtì lúgọ sí pẹ̀lú fake alert: àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, tàbí àwòrán rìsíìtì tí wọ́n ṣe lórí fóònù. Ẹ má wo fóònù oníbàárà. Ẹ ṣí áàpù báńkì tiyín, kí ẹ wò ó bóyá iye tó wà nínú àkáǹtì ti pọ̀ sí i. POS àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń fi hàn lójú ara rẹ̀ tí tiransífà bá wọlé, débi pé ọmọ tó dúró sí ṣọ́ọ̀bù lè rí i láì tún máa pe ìyá rẹ̀ lójà.