Sẹ́ẹ̀lì Oríṣi Méjì Nínú Ẹ̀jẹ̀ Kan: Iṣẹ́ Máíkírósíkóòpù Lórí Ibà Ní Ìbàdàn, 1969

Ibà kì í ṣe àlejò ní Ìwó tàbí ní Ìbàdàn. Kòkòrò tí ń fà á ni ojú lásán kò rí. Ní ọdún 1880 ni Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, fi máíkírósíkóòpù rí i nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Constantine, ní ilẹ̀ Àlùjéríà. Ní 1904, Gustav Giemsa ní Hamburg tún aró tí a fi ń rẹ ẹ̀jẹ̀ ṣe, tí kókó inú kòkòrò náà fi ń pupa, tí ara rẹ̀ yòókù sì ń dà bí ẹ̀lú.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ìṣègùn ń dánu dúró sí, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ Áfíríkà mú wá. Iṣẹ́ tí Luzzatto, Usanga àti Reddy ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó jáde nínú Science ní 1969, ta ko èyí. (Ọmọ Ítálì ni Luzzatto lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni a ti ṣe iṣẹ́ náà.)

G6PD ni ẹ́ńsáìmù tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Àìtó rẹ̀ wọ́pọ̀ níbi tí ibà ti wọ́pọ̀. Ṣé àìtó yìí ń dènà ibà ni? Fífi ènìyàn wé ènìyàn kò yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ọmọ tí ẹ̀fọn jẹ lánàá kò ṣe é fi wé èyí tí ó jẹ lóṣù tó kọjá.

Mary Lyon ti ṣàlàyé ní 1961 pé nínú X méjì tí obìnrin jogún, ọ̀kan ṣoṣo ní ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí ó jogún X pípé kan àti aláìpé kan ní sẹ́ẹ̀lì pupa oríṣi méjì nínú iṣan kan náà: ẹ̀fọn kan náà, oúnjẹ kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Wọ́n fi kẹ́míkà mú kí oríṣi méjèèjì hàn yàtọ̀ lábẹ́ awò, wọ́n sì ka kòkòrò inú wọn. Ìlọ́po 2 sí 80 ni iye sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wọ̀ nínú àwọn tí ó pé fi ju ti àwọn aláìpé lọ.

Awò náà kì í ṣe tuntun. Yíyan ẹ̀jẹ̀ tí a ó wò ni ọgbọ́n ibẹ̀. Síbẹ̀, kíka kòkòrò kò sọ bóyá ọmọ náà yóò yè, kò sì dáhùn ti ọmọkùnrin, tí X rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ní 1970, Luzzatto, Nwachuku-Jarrett àti Reddy tún gbé irú ọgbọ́n yìí lọ sórí ẹ̀jẹ̀ AS nínú Lancet: sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ ń tẹ̀ bí dòjé ju èyí tí kò ní lọ.